Ohun ìpaná wo ló yẹ ká ní nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó? Ẹ dákun, ẹ dá sí i

IyaIbeji_Shomolu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Ṣómólú, ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, onídìrí kan, oní-POS kan, télọ̀ kan, àti bọ̀ọ̀dá kan tó ń ta gáàsì, àwa tẹ́náǹtì wà lókè. Lándílọ́ọ̀dù ti gbà pé òun á dá owó sí i ká ra ohun ìpaná sílé, ṣùgbọ́n ó ní ká kọ ohun tá a fẹ́ sílẹ̀ ká mú un wá sí mítìn ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan ní ká ṣáà ra àgbá pupa kan ká gbé e sẹ́nu géètì, ó parí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìyẹn rárá, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù nínú plásà kan ní Balógun, òun náà fẹ́ mọ ohun tó yẹ kóun béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó sáfíìsì lọ́wọ́ wọn. Kí la máa kọ́kọ́ rà? Èwo ló dáa fún ilé, èwo ló dáa fún ọjà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pamọ́.

BabaPanapana_Agege

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ sọ fún yín kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde ná. Ilé mélòó l'Ékòó ni kò ní irin lójú fèrèsé? Torí olè la ṣe é, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, ṣùgbọ́n tí iná bá sọ ní pálọ̀ lóru, tó sì jẹ́ pé pálọ̀ yẹn nìkan ni ọ̀nà, ibo lẹ fẹ́ gbà? Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán kí irin fèrèsé kan ṣeé ṣí láti inú. Ẹ pe wẹ́dà kó gé e kó fi híńjì sí i. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ẹ fi kọ́ ara ògiri níbi tí ọmọ lè nawọ́ kàn án, tí ẹni tó dúró níta ò sì lè nawọ́ mú un, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń gbé, kì í ṣe inú páàsì Màámi.

Èéfín ló ń pa èèyàn jù. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, èéfín ni. Kí iná tó kúrò nísàlẹ̀, èéfín á ti gba àtẹ̀gùn débi tẹ́ ẹ sùn sí, ẹ ò sì ní jí. Ẹ rántí ilé gíga tó gbiná ní Broad Street ní September 2025, ìsàlẹ̀ ilé níbi tí ínfátà wà ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀, èéfín ló gba inú ilé kan, àwọn èèyàn ń gba ojú fèrèsé jáde, a sì pàdánù ẹ̀mí. Torí náà àtẹ̀gùn yín gbọ́dọ̀ ṣófo. Kò gbọ́dọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, kò gbọ́dọ̀ sí àga tó ti ṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ máa tún ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí èéfín, ẹ fara balẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa rá jáde, torí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí sínú máa ń pẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé, ilẹ̀kùn tó wà ní títì máa ń dá iná dúró fúngbà díẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá tó ń ta gáàsì lábẹ́ ilé tí èèyàn ń sùn sí, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ mítìn. Kò sí àgbá ìpaná tẹ́ ẹ fẹ́ rà tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Enjinia_Ojuelegba

Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi wá sọ ti àgbá ìpaná, fáyà ẹ̀sítíńgúíṣà tí gbogbo wa mọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Iná ò rí bákan náà, ohun tó ń jó ló ń sọ ohun tí wọ́n á fi pa á. Igi, pépà, aṣọ, tìmùtìmù, omi ń pa ìyẹn. Bẹntiróò, kẹrosíìnì, ọ̀dà, omi ò pa á, á kàn gbé e káàkiri ilé ni, torí epo máa ń léfòó sórí omi. Fóòmù tàbí páúdà ló ń pa ìyẹn. Ohun tí iná NẸPA ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sí i láéláé, iná á gbé ẹni tó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání. CO2, àgbá tó ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì jáde, ló dáa jù fún un, páúdà náà á sì pa á.

Ara àgbá máa ń pupa ni, ohun tẹ́ ẹ máa wò ni àwọ̀ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ búlúù, páúdà ni, òun ni wọ́n ń pè ní DCP. Dúdú, CO2. Kíríìmù, fóòmù. Yẹ́lò, òun ni wọ́n ṣe fún òróró ìdáná. Èyí tó pupa látòkè délẹ̀ tí kò ní àwọ̀ mìíràn, omi ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ náà, ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ nìkan, torí kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Fún ilé bíi tiyín: páúdà kílò mẹ́fà kan ní kọ́rídọ̀ òkè, òmíràn nísàlẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi kọ́ ara ògiri, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí omi máa jẹ ìdí ẹ̀, ẹ má sì fi kọ́ ibi tó ga ju kí obìnrin lè gbé e sọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó wà lójú ọ̀nà àbájáde, kì í ṣe nínú kíṣìnì gan-an. Tó bá jẹ́ inú kíṣìnì ló wà, tí kíṣìnì sì ń jó, ta ló fẹ́ wọ inú iná lọ mú un?

OmoEbuteMetta

Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé tí páúdà bá ti lè pa gbogbo ẹ̀, kí ló dé tá ò kàn ní ra páúdà fún ibi gbogbo, ká yé da ara wa láàmú? Owó ò sí níta.

Enjinia_Ojuelegba

Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pẹ̀lú yín dé ibì kan. Tí owó bá jẹ́ ti ẹyọ kan péré, páúdà ABC, èyí tó wà fún iná igi àti aṣọ, iná epo àti iná gáàsì, ni kẹ́ ẹ rà, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó pa dé, gbogbo inú ibẹ̀ á funfun kanlẹ̀, ẹ ò ní rí ilẹ̀kùn mọ́, ẹ̀yin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Páúdà yẹn tún máa ń wọnú kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń jẹ irin inú wọn, ohun tí iná ò bà jẹ́ páúdà á bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí oní-POS àti ibi tí ínfátà wà fi nílò CO2 kílò méjì tàbí márùn-ún. CO2 náà ní ìkìlọ̀ tiẹ̀: kò ní geeji, ẹ má di ẹnu ẹ̀ tó gbòòrò yẹn mú pẹ̀lú ọwọ́ lásán torí ó máa ń tutù débi pé ó lè bó èèyàn lára, ẹ má sì dúró sínú yàrá tó há lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, torí ó ń lé afẹ́fẹ́ tá à ń mí jáde. Ẹ bọ́ síta, ẹ ti ilẹ̀kùn. Àti òróró gbígbóná, páúdà lè pa á báyìí, ṣùgbọ́n kì í mú òróró tutù, ẹ máa rò pé ó ti kú, ó tún sọ padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti wáyà kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Wáyà tó nípọn 1.5 mm² wà fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún AC. Mo máa ń rí AC lórí ẹ̀kísténṣọ̀n, fíríìjì lórí ẹ̀kísténṣọ̀n kan náà, áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú wọn. Mo ń rí féésì tí wọ́n fi wáyà kọ́pà dì nítorí pé ó ń já ṣáá. Féésì ń já torí ó ń gbà yín là! Ẹ jẹ́ kó já, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Tí NẸPA bá mú iná lọ, ẹ pa áyọ́ọ̀nù, ẹ fà á yọ, torí tí wọ́n bá mú un dé lóru, ẹ ti sùn, ó sì lè wọlé pẹ̀lú agbára tó ju bó ṣe yẹ lọ.

IyaAlakara_Yaba

Òróró tí Ẹnjiníà ń sọ yẹn, èmi lẹ bi. Iṣẹ́ mi ni. Òróró àkàrà tó bá gbóná jù máa ń kọ́kọ́ yọ èéfín funfun tín-ín-rín, òórùn ẹ̀ á yí padà, á máa ta èèyàn nímú. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ti pa gáàsì, ẹ má dúró dìgbà tí iná á yọjú. Tó bá wá gbiná, iná ẹ̀ máa ń ga sókè lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ohun tí mo kọ́ gbogbo àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ má da omi sí i, ẹ má gbé apẹ ọ̀hún sáré jáde, ẹ pa gáàsì tọ́wọ́ yín bá lè débẹ̀, ẹ mú ìdérí tó bò ó dáadáa, ẹ gbé e láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín kẹ́ ẹ tì í síwájú títí á fi bo gbogbo ẹnu apẹ. Ẹ má jù ú sí i láti òkè. Kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o! Ẹ má ṣí i wò. Mo ti rí ẹni tó ṣí i kó tó tutù, iná náà dìde padà gbà á lójú.

Mo fi ìdérí páànù ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi lójoojúmọ́, kì í kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi bo gààrí. Mo tún ra fáyà búláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí iná ò lè jó, ó wà nínú àpò pupa kan lára ògiri, okùn méjì ló gùn jáde nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ kàn fa okùn náà wálẹ̀ ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ ká etí aṣọ náà bo ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé e bo apẹ. Tí aṣọ ara èèyàn bá gbiná náà ẹ lè fi wé e. Ẹyọ kan, owó ẹ̀ ò tó owó aṣọ ẹbí tá à ń dá lóṣooṣù, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rà á. Àwọn tó ní ilé oúnjẹ ńlá tí wọ́n ń dín ẹran àti pọ́ńmọ́ nínú agbada ńláńlá, ti lébẹ́ẹ̀lì yẹ́lò ni kẹ́ ẹ wá.

Noosi_Bariga

Mo kí gbogbo yín. Níbi tí ìyá ti dárúkọ aṣọ ara, ẹni tí aṣọ ẹ̀ bá gbiná kó má sáré o, eré ń fẹ́ iná ni. Kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbirigbiri, kó fi ọwọ́ bo ojú. Tí iná bá sì ti jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ, odidi ogún ìṣẹ́jú, ẹ má yára gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ibẹ̀ tó wú, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á ya. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi pééstì ìfọyín sí i, ẹ má fi àdí, ẹ má fi yìnyín. Àwa la máa ń tún wá ha gbogbo ẹ̀ kúrò lára ọmọ yẹn tó ń sunkún, ó máa ń dùn mí gan.

Alaso_Idumota

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò yín tó wà ní Balógun lóhùn, torí àdúgbò kan náà la jọ wà. Ọ̀rọ̀ ọjà tiwa wúwo. A rí ti November 2019, a rí ti January 2020, ilé gíga-gíga tó kún fún ẹrù látìsàlẹ̀ dókè. Àwọn panápaná dé, wọn ò rí ọ̀nà kọjá, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì síbí, tébù ọ̀hún, ìbòrí tápọ́líìnì lókè, àwọn tó wá wòran pọ̀ ju àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lọ. Ní December 2012 náà, nọ́kẹ́òùt tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní àdúgbò Jańkárà bú gbàmù, ilé tó yí i ká náà bá a lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹrù tí ẹnìkejì yín kó sínú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ kàn yín.

Ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó sáfíìsì: ṣé hóòsì pupa tí wọ́n ká mọ́ ògiri yẹn ní omi nínú? Kó ní kí wọ́n ṣí i lójú òun. Ọ̀pọ̀ ló wà fún fọ́tò lásán, tẹ́ ẹ bá yí ẹnu ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa jáde. Ṣé tẹ́ńkì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iná, tí àwọn tó ń fọ ṣáláńgá ò ní lò tán? Ṣé aláàmù tí wọ́n ń fọ́ gíláàsì ẹ̀ ń dún dé àjà tó ga jù? Ṣé àtẹ̀gùn kejì wà, àbí wọ́n ti fi kún ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń gba owó ẹ̀? Èyí tó bí mi nínú jù: ilẹ̀kùn àbájáde tí wọ́n fi ṣéènì àti àgádágodo dì lójú ọ̀sán gangan, tí wọ́n ní torí àwọn olè ni. Nígbà tí ọjà bá kún, ìgbà yẹn gan-an la nílò ẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ ṣí sí apá ìta, kó sì jẹ́ pé ara la máa fi tì í, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ la máa wá kiri.

Àwa oníṣọ́ọ̀bù náà ní ẹ̀bi tiwa láti gbé. Báálù aṣọ la kó dí kọ́rídọ̀, a gbé àgbá ìpaná sẹ́yìn báálù kẹjọ. A ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú kọ́rídọ̀, a ń da epo sí i lórí iná, ẹ̀rọ ṣì gbóná. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ tó da epo. Nínú oṣù ọyẹ́ ló burú jù, gbogbo nǹkan ti gbẹ. Tá a bá sì ń lọ sílé lálẹ́, ẹ pa méénì ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe gílóòbù nìkan.

OmoEbuteMetta

Aláṣọ, ẹ ṣé gan-an. Níbi iṣẹ́ mi ní Marina, wọ́n fi nǹkan kékeré kan tó ní gíláàsì pupa kọ́ sára àjà, wọ́n ní omi á tú jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé tí ẹnì kan bá mu sìgá gbogbo ọ́fíìsì á rin.

Enjinia_Ojuelegba

Sprinkler nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀, èéfín sìgá ò lè ṣí i. Ooru ló ń fọ́ gíláàsì kékeré yẹn, èyí tó pupa máa ń fọ́ tí ooru bá tó bíi 68°C, èyí tó wà lókè iná nìkan ló sì máa ń ṣí, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni kí ẹnikẹ́ni má fi hángà kọ́ ọ, kẹ́ ẹ má kó páálí jọ débi pé á dí i lójú, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́dà kùn ún ní ọ̀dà.

Smoke detector ló yẹ kí ẹ̀yin ará ilé máa béèrè. Ohun roboto funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà, bátìrì ló ń lò, kò nílò NẸPA. Nínú gbogbo ohun tá a ti dárúkọ látàárọ̀, òun ló ń jí èèyàn. Ẹ fi sí kọ́rídọ̀ tó wà níwájú àwọn yàrá tẹ́ ẹ ń sùn, láàárín àjà, kó jìnnà sí igun ògiri àti fáànù. Ẹ má fi sínú kíṣìnì, ọbẹ̀ dídín á jẹ́ kó máa pariwo ṣáá, ẹ máa bínú yọ bátìrì ẹ̀, ó tán nìyẹn. Kíṣìnì ní tiẹ̀, èyí tó ń gbọ́ ooru dípò èéfín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lóṣooṣù kó dún, ẹ pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún, tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá ẹ ra tuntun.

OlohunIpana_Ojota

Iṣẹ́ àgbá ìpaná ni mò ń ṣe, mò ń tà á, mo sì ń kún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ojúlówó, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá tiẹ̀ máa bínú. Ẹ wo geeji ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí gríìnì, tó bá wà lórí pupa ẹ má gbà á. Ẹ gbá geeji náà díẹ̀ pẹ̀lú ìka kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ò há síbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá pínnì wà, tí síìlì rọ́bà tín-ín-rín tó dì í mú ò tíì já. Ẹ fọwọ́ pa ìdí ẹ̀, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń fi ọ̀dà pupa tuntun bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀dà lórí geeji tàbí lórí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ sá. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: àgbá tí wọ́n kọ kílò mẹ́fà sí lára, kílò mẹ́fà yẹn páúdà nìkan ni, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú irin gbọ́dọ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. CO2 tí kò ní geeji, ìwúwo nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀.

Páúdà máa ń dì tó bá dúró sójú kan pẹ́. Ẹ máa gbé e dorí kodò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ṣàn nínú ẹ̀. Lọ́dọọdún kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó kọ déètì sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, bó ṣe wù kó kéré mọ, ẹ gbé e wá ká kún un, torí páúdà á ti wọ ẹnu fáàfù, afẹ́fẹ́ á máa jò jáde, lọ́la ẹ máa bá a ní òfìfo.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó: ẹ fa pínnì yọ, ẹ dúró bíi mítà méjì sí i, ẹ̀yìn yín kọ sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ dojú hóòsì kọ ìdí iná, kì í ṣe ahọ́n iná tó ń sọ lókè yẹn. Ẹ fún ọwọ́ ẹ̀ pọ̀, ẹ máa gbá a lọ gbá a bọ̀. Kílò mẹ́fà ò ní lò ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 20 lọ, kílò kan tẹ́ ẹ fi sínú mọ́tò kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Torí náà iná tó bá ti ga dé àjà ilé, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jáde.

Onigaasi_Mushin

Mo ka ohun tí Bàbá sọ nípa bọ̀ọ̀dá tó ń ta gáàsì, èmi náà ń ta gáàsì, òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀. Ibi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni gáàsì ń gbé, kì í ṣe abẹ́ yàrá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló ń fẹ̀ sí, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wọ gọ́tà, á máa dúró de iná. Òórùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, wọ́n fi sí i ni kẹ́ ẹ lè mọ̀ tó bá ń jò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má tan fáànù pé kó fẹ́ ẹ jáde. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ kó ara yín jáde, ìta lẹ ti máa fi fóònù pe èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so régúlétọ̀, ẹ ho ọṣẹ sómi, ẹ fi kànìnkànìn rẹ ẹ sí ẹnu ibi tí wọ́n so àti gbogbo hóòsì, tó bá ń hó pútúpútú ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó, mo bẹ̀ yín. Hóòsì tó bá ti le, tó ń sán, ẹ sọ ọ́ nù. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà lóòró, níta tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gba ojú ògiri fa hóòsì wọlé. Tí iná bá wá ń jó lẹ́nu hóòsì, tọ́wọ́ yín sì lè dé orí sílíńdà, ẹ fi aṣọ tó rin gbinrin wé ọwọ́ kẹ́ ẹ tì í. Ẹ má pa iná yẹn nígbà tí gáàsì ṣì ń tú jáde, torí gáàsì á kàn máa kóra jọ títí á fi rí iná mìíràn, ìyẹn ló máa ń dún. Tọ́wọ́ ò bá dé e, ẹ sá jìnnà, ẹ pariwo pe àwọn ará ilé.

BabaPanapana_Agege

Ẹ ṣé o, oní gáàsì, Ọlọ́run á bù kún òwò yín. Ẹ fi nọ́ńbà sórí fóònù gbogbo yín báyìí: 767 tàbí 112, l'Ékòó wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn panápaná kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó. Ẹ pè wá ní kíákíá, ẹ má kọ́kọ́ máa fi fídíò ṣe láìfù tàbí kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa lè pa á. Tẹ́ ẹ bá pè, ẹ sọ orúkọ àdúgbò, bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ilé nìkan ò tó, ẹ sì sọ ohun tó ń jó àti bóyá èèyàn wà nínú ẹ̀. Kí ẹnì kan lọ dúró sẹ́nu títì kó máa juwọ́ sí wa, kí àwọn ọ̀dọ́ bá wa gbé ọkọ̀ tó dí ọ̀nà kúrò. Tí ojúlé àdúgbò bá ní géètì tí wọ́n ń tì lálẹ́, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣí i sílẹ̀ kó tó gbọ́ sáírínì.

IyaIbeji_Shomolu

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni, ẹ ò ní rí iná àjálù. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Páúdà méjì, CO2 kan fún oní-POS àti ínfátà, smoke detector fún kọ́rídọ̀ àti ìsàlẹ̀, fáyà búláńkẹ́ẹ̀tì fún kíṣìnì kọ̀ọ̀kan, wẹ́dà fún irin fèrèsé. Ti gáàsì, mo ti bá Bọ̀ọ̀dá yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ó ní òun á wá ibòmíràn, ṣùgbọ́n kí lándílọ́ọ̀dù fún òun láàyè oṣù yìí. Ohun kan ló kù: ìyá ọkọ mi wà pẹ̀lú wa lókè, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè sáré. Kí la máa ṣe?

BabaPanapana_Agege

Tí yàrá ìsàlẹ̀ kan bá wà, ẹ jẹ́ kí Màmá sùn síbẹ̀, ìyẹn ló dáa jù. Tí kò bá sí, yàrá tó sún mọ́ àtẹ̀gùn jù lọ ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ dárúkọ ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé Màmá, kí ẹnì kan má rò pé ẹnìkejì ti gbé wọn, kẹ́ ẹ sì dán an wò lójú ọ̀sán, pẹ̀lú àga tó le tí ẹni méjì lè gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí èéfín bá ti gba àtẹ̀gùn, ẹ má gbé wọn gba inú ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ fi aṣọ tó rin dí abẹ́ ẹ̀, ẹ dúró lójú fèrèsé, ẹ juwọ́ sí wa kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó gbé fóònù pé èèyàn wà níbẹ̀. Ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ dojú àkàbà kọ.

IyaIbeji_Shomolu

A máa ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ibo la ti lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àgbá yẹn? Kíkà á lórí fóònù ò tíì tó fún mi.

OlohunIpana_Ojota

Tí déètì àgbá tó wà nílé ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ pé, tó sì yẹ kó wá kún un, kó má gbé e wá ní kíkún. Ẹ gbé e lọ sí gbangba, ẹ duró kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, kí àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ̀yin àgbà ilé tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀nba níkọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti gééméènì. Ó máa ta ọwọ́ yín sẹ́yìn díẹ̀, ó sì máa pariwo, ẹ jẹ́ kó yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ iná. Tó bá ti tán, ẹ gbé e wá.

BabaPanapana_Agege

Ìyẹn dáa. Ẹ tún lọ sí ibùdó panápaná tó sún mọ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà kékeré lórúkọ ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n wá dá yín lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ mítìn. Inú àwọn panápaná náà á dùn láti wá wo ilé yín nígbà tí kò tíì sí wàhálà.